Ohun tí Sìsílíà Túmọ̀ Sí Ní Ilé Wa

Ọjọ́ Ajé Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ ni, aago mẹ́fà kọjá ogún ìṣẹ́jú ní òwúrọ̀, nígbà tí fóònù mi dún. Àkókò náà dá mi lójú nítorí pé ó ṣì wà lójú fóònù náà bí mo ti ń kọ èyí. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ló pè láti ilé ìwòsàn kan ní Àkúrẹ́. Ó ní ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ, obìnrin ni, àtìyá àtọmọ wà ní àlàáfíà. Mo dúpẹ́, mo sì gbé fóònù náà lọ bá ìyá àgbà nínú yàrá rẹ̀ kí òun náà lè fi etí ara rẹ̀ gbọ́.

Ìyá àgbà yìí ló bí ìyá mi. Tíṣà ni kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Lẹ́yìn tí mo parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ní Òdòdé, ní Ìdànrè, ni mo padà sí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní lẹ́sìn níbẹ̀ títí tí n ó fi rí iṣẹ́ gidi. Nítorí náà, èmi ni mo dúró tì í tí mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde. Kò béèrè bí ọmọ náà ti tóbi tó. Kò béèrè ẹni tó fi ojú jọ.

“Obìnrin?” ó ní. “Ó dáa. Orúkọ rẹ̀ ti wà nílẹ̀.”

“Orúkọ wo nìyẹn, Màmá?” Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín.

“Tèmi. Sìsílíà. Sọ fún bàbá rẹ.”

Ẹ̀rín náà dáwọ́ dúró. Ó ní, “Mo gbọ́, mà. Màá sọ fún wọn.”

Orúkọ yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán láàárín wa. Ìyá àgbà sọ fún mi pé nígbà kan rí, àwọn mélòó kan ló ń jẹ́ ẹ nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Kátólíìkì wọn, ṣùgbọ́n òun nìkan ló kù. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ rẹ̀ tó fi sọ ọmọ. Àwa ọmọ-ọmọ, Yorùbá ni gbogbo ohun tí a ń jẹ́, ẹni tó bá sì ní orúkọ ìrìbọmi nínú wa, inú àpótí ni ó wà. Èmi pàápàá, nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ìtàn ní yunifásítì, mo wà lára àwọn tó ń jiyàn pé orúkọ òyìnbó kò yẹ wá, pé ẹrù ẹlẹ́rù ni a gbé lérí. Ìyá àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì bá mi jà sí i rí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti lóyún ló ti ń sọ ọ́ pé, “Bó bá jẹ́ obìnrin, tí wọn ò sì fi orúkọ mi pè é, ó parí nìyẹn. Ọjọ́ tí mo bá lọ, orúkọ náà bá mi lọ.”

Kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdílé ìyá ọmọ lè gbé orúkọ wá, àmọ́ ilé baba ọmọ ló ń pè é. Ilé baba ọmọ yìí, Aládé, ní Ìdànrè kan náà, ló wà. Bàbá ọkọ ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ àgbẹ̀ oníkòkó, ó sì jẹ́ àgbà ní ìjọ Aládùúrà kan níbẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, bàbá yìí fúnra rẹ̀ pe ìyá àgbà.

“Àna mi, ẹ kú oríire o! Ẹ kú ewu ọmọ!”

“Oríire yóò kárí wa, bàbá.”

“Wọ́n ti jíṣẹ́ yín fún mi. Mi ò ní bá àna mi du orúkọ. Ohun kan ló wà níbẹ̀. Níjọ tiwa, a kì í pe orúkọ lásán sórí ọmọ. Bí mo bá pè é, mo gbọ́dọ̀ sọ ìtumọ̀ rẹ̀, ìjọ á wá fi ìtumọ̀ yẹn gbàdúrà. Bó bá jẹ́ Ayọ̀délé, a ó ní kí ayọ̀ má kúrò nílé náà. Sìsílíà wàyí, kí ni ká ní kó ṣe?”

Ohun tí bàbá sọ kì í ṣe àwáwí. Mo ti bá wọn ṣe ìsọmọlórúkọ kan rí ní Aládé. Mo rí bí wọ́n ti ń gbé ọmọ sókè, tí àgbà á pe orúkọ, tí á sọ ìtumọ̀, tí wọ́n á lu agogo, tí gbogbo ènìyàn á sì sọ ìtumọ̀ náà di àdúrà lẹ́ẹ̀kan náà. Orúkọ tí kò ní ìtumọ̀ kò ní ibi tí àdúrà máa dúró lé.

Ìyá àgbà gbé fóònù kúrò létí, ó wò mí.

“Ṣé ó yẹ kó túmọ̀ sí nǹkan ni? Orúkọ mi ni.” Ó tún gbé e padà sétí. “Bàbá, ẹ fún wa láàyè. Ọmọ kan wà níbí tó kàwé ìtàn. Ó máa wá a fún yín.”

Bí iṣẹ́ náà ṣe kàn mí nìyẹn. Ọjọ́ kẹjọ ọmọ bọ́ sí Ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Kí ọjọ́ náà tó pé, mo ní láti mọ ohun tí Sìsílíà túmọ̀ sí.

Kò pẹ́ tí mo fi rí ìdáhùn. Ìdáhùn náà ni kò dára. Gbogbo ibi tí mo yẹ̀ wò lórí fóònù ló ń sọ ohun kan ṣoṣo: láti inú èdè Látìn ni ó ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni “afọ́jú”. Bí mo ti ń kà á lọ ni mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kàn ń da ọ̀rọ̀ ara wọn kọ ni, àwọn mìíràn kò tilẹ̀ yí gbólóhùn padà. Mi ò ka pípọ̀ wọn sí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n n kò lè ṣe bí ẹni pé n kò rí i.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá ìyá àgbà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun àti aládùúgbò wa kan, opó tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin, ni wọ́n jókòó tí wọ́n ń tún etí aṣọ akọrin wọn rán sílẹ̀ de Àjíǹde. Òjìji òkè ti bo ẹ̀gbẹ́ kan àgbàlá.

“Màmá,” mo ní, “àwọn kan sọ pé afọ́jú ni.”

“Ta ni afọ́jú?”

“Orúkọ yín. Lédè Látìn.”

Ó ń fi òwú sábẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó fi sí i tán, ó fà á já, kó tó dá mi lóhùn. Kò wọ awò ojú.

“Sọ fún àwọn ará Látìn kí wọ́n wá fi òwú sábẹ́rẹ́ yìí.”

Opó náà ti ń rẹ́rìn-ín. Úsúlà ni orúkọ ìrìbọmi tirẹ̀. “Tèmi ńkọ́? Tètè wo tèmi!”

Mo ti wò ó. Mo ti yẹ orúkọ gbogbo àgbàlá wò kí n lè mọ irú ohun tí àwọn orúkọ wọ̀nyí jẹ́. “Abo béárì kékeré ni, mà.”

“Béárì? Èyí tí Dáfídì pa nínú Bíbélì?”

“Irú rẹ̀ ni, mà.”

“Yéè! Béárì ni mò ń jẹ́ láti kékeré, ẹ ò sì sọ fún mi!” Ó fi ọwọ́ gbá ìyá àgbà léjìká. “Ó dáa náà. Èmi béárì, ìwọ afọ́jú. Tó bá di Ọjọ́ Àìkú, di ìrù mi mú, kí n mú ọ lọ sí Mísà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìyá àgbà fi nu ojú. Opó náà ní ìyá tó bí òun, Mọ́níkà ló jẹ́, kí n wo ìyẹn náà. Mo ní kò sẹ́ni tó mọ ìtumọ̀ Mọ́níkà. Ohun tí a mọ̀ ni pé obìnrin mímọ́ tó sọ orúkọ náà di olókìkí, ọmọ Àríwá Áfíríkà ni, àwọn onímọ̀ kan sì rò pé ibẹ̀ gan-an ni orúkọ náà ti wá, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àwọn òyìnbó.

“Áfíríkà!” opó náà kígbe. “Ẹ gbọ́! Tiwa ni!”

“Ó ṣeé ṣe ni mo sọ, mà. N kò sọ pé ó dájú.”

“Ẹ wo ọmọ yìí. Kì í jẹ́ kí inú èèyàn dùn tán kó tó fi ‘ó ṣeé ṣe’ lé e lórí.”

Ohun tí mo kọ́ nínú yíyẹ̀ wò yẹn ni pé ìdí tí àwọn ará Yúróòpù fi ń sọ ọmọ lórúkọ kò jọ tiwa. Àgáátà túmọ̀ sí ẹni rere, Fẹlísíà sì túmọ̀ sí aláyọ̀. Ìyẹn yé wa. Ṣùgbọ́n Kíláúdíà bá ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ arọ tan, Bárbárà sì jẹ́ àjèjì tí a kò gbọ́ èdè rẹ̀. Àwọn òbí sì ń fi wọ́n sọ ọmọ tí wọ́n fẹ́ràn, nítorí pé wọn kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ inú orúkọ náà mọ́. Ẹni tó ti jẹ́ ẹ rí ni wọ́n ń gbọ́. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá kì í pe orúkọ kó má gbọ́ ohun tó sọ, ìdí nìyẹn tí bàbá Aládé fi béèrè ìtumọ̀ bí ẹni béèrè ohun tó yẹ kó ti wà nílẹ̀. Ìbéèrè tó dára ni. Àwọn tó ni orúkọ náà gan-an ni kì í béèrè rẹ̀.

Ní ọjọ́rú, mo rí ìtumọ̀ mìíràn. Àwọn àgbà Ìjọ kan láyé àtijọ́ ti gbìyànjú láti tú orúkọ náà sí rere. Wọ́n ní ó lè jẹ́ “lílì ọ̀run”, ìyẹn òdòdó kan. Wọ́n ní ó lè jẹ́ “ọ̀nà fún àwọn afọ́jú”, tàbí “ẹni tí kò ní ìfọ́jú”. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi, tí wọ́n ti dá sílẹ̀ kúrò nílé ìwòsàn.

“Lílì ọ̀run!” ó ní. Mo ń gbọ́ ẹkún ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. “Ó parí. Sọ lílì fún wọn.”

“Kì í ṣe ibẹ̀ ni orúkọ náà ti wá. Wọ́n kàn wá ọ̀rọ̀ tó dùn tó jọ ọ́ ni.”

“Ta ló bi ọ́ ní ibi tó ti wá?”

“Bàbá ọkọ rẹ.”

“Bàbá ọkọ mi béèrè ohun tí wọ́n á fi gbàdúrà. Ìwọ náà wá, o ò lè ṣe nǹkan kó rọrùn.”

Mo gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, torí pé kò sọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àdúrà kì í ṣe ìdánwò ìtàn. Ta ni lílì yóò pa lára? Mo lọ bá ìyá àgbà, mo kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ èyí tó dájú àti èyí tí kò dájú. Ó gbọ́ ọ tán.

“Lílì,” ó ní. “Mi ò rí lílì rí láyé mi. Ǹjẹ́ o ti rí i?”

“Nínú àwòrán, mà.”

“Má fi irọ́ wá àyè fún orúkọ mi. Bí kò bá rí àyè, kó jókòó sílé.”

Bó ti sọ ọ́ nìyẹn, pẹ̀lú èdè Ìdànrè tó máa ń sọ tí kò bá fẹ́ kí a tún bá òun jiyàn. Mo mọ ohun tí orúkọ náà jẹ́ fún un, mo sì gbọ́ tó kọ ọ̀nà tó rọrùn jù lọ sí i. Inú mi dùn pé ilé rẹ̀ ni mo ti jáde.

Kí n tó rí ohun tí n ó sọ ní Aládé, ọ̀rọ̀ ti dé ibẹ̀ ṣáájú mi. Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà ní fóònù, òun náà mọ̀wé kà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì Rere, bàbá fi ohùn ránṣẹ́ sí ìyá àgbà gba orí fóònù mi. Ó rọra ń sọ̀rọ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun gún ni.

“Àna mi, wọ́n ti kà á fún mi. Afọ́jú. Mo mọ̀ pé ẹ ò ní ibi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Mi ò lè dúró níwájú Ọlọ́run kí n pe afọ́jú sórí ọmọ tí ojú rẹ̀ ò tíì là tán. Ẹ fi orúkọ mìíràn ránṣẹ́, màá pè é tayọ̀tayọ̀.”

Ìyá àgbà ní kí n tún un gbé fún òun gbọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ó wọṣọ, ó lọ kọrin níbi ìsìn ọjọ́ Ẹtì Rere. Nígbà tó dé, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà, kò sì jẹun alẹ́. Ọjọ́ ààwẹ̀ ni, nítorí náà àìjẹun yẹn kì í ṣe ẹ̀rí ohunkóhun. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò fi orúkọ mìíràn ránṣẹ́.

Èmi ni kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo padà sídìí ìwé, mo wá àwọn tó fi èdè Látìn ṣe iṣẹ́, kì í ṣe àwọn tó ń da ìtumọ̀ orúkọ kọ. Ní òwúrọ̀ Sátidé, mo gun ọ̀kadà lọ sí Aládé.

Mo bá bàbá ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń fi àdá gé koríko kúrò níbi tí wọn yóò pa àgọ́ ìsọmọlórúkọ sí. Ìyàwó rẹ̀ jókòó ti ògiri, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo kí wọn, mo sì jókòó sórí àpótí tí wọ́n gbé fún mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ohun tí wọ́n kà fún yín wà níbẹ̀ lóòótọ́. Mi ò wá sọ pé irọ́ ni.”

Ó dá àdá náà dúró. Ó jọ pé àríyànjiyàn ló ti ń retí. “Kí lo wá sọ?”

“Pé ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ilé kan wà ní Róòmù àtijọ́, ilé ńlá, wọ́n ń pè é ní ilé Sẹ́sílíù. Ọmọbìnrin tí wọ́n bá bí nínú ilé yẹn, Sìsílíà ni wọ́n ń pè é. Ohun tó ń sọ kò ju pé ọmọbìnrin ilé yìí ni.”

“Afọ́jú wá ńkọ́?”

“Orúkọ ilé náà jọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pe afọ́jú. Ó lè jẹ́ pé bàbá ńlá wọn kan fọ́jú. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀rọ̀ méjì kàn jọra ni. Àwọn tó mọ̀ ọ́n kò fẹnu kò. Èmi ò lè fi ọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀. Èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí rẹ̀ ni pé orúkọ ilé ni.”

“Bí wọ́n bá bí ọmọbìnrin mẹ́ta ńkọ́?”

“Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á máa jẹ́ orúkọ kan náà, sà. Wọ́n á kàn fi àgbà àti kékeré yà wọ́n sọ́tọ̀.”

“Ẹ gbà mí,” ìyàwó rẹ̀ ní láti ìdí ògiri. “Ọ̀lẹ ni wọ́n.”

Bàbá rẹ́rìn-ín díẹ̀. Pọ́ọ̀lù ni orúkọ ìrìbọmi rẹ̀, ó sì wá sí i lọ́kàn. “Tèmi náà ńkọ́? Inú Bíbélì ni tèmi ti wá, tèmi ò lè burú.”

“Ará Róòmù ni tiyín náà, sà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kékeré.”

Ìyàwó rẹ̀ da ẹ̀gúsí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Kékeré! Ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ kó tó lè wọlé ara rẹ̀! Bàbá Kékeré, ẹ kú iṣẹ́ o!”

Ó ga lóòótọ́. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àdá lọ́wọ́, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò sì ṣeé ṣe. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó fi ewé nu àdá náà.

“Orúkọ ilé,” ó ní. Ó tún un sọ bí ẹni ń tọ́ nǹkan wò. “Àwọn bàbá wa ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé Róòmù yẹn, mi ò mọ̀ ọ́n, mi ò sì lè wò ó. Ilé tí mo lè wò, Òdòdé ló wà.” Ó padà sídìí koríko rẹ̀. “Kí màmá rẹ máa retí mi lọ́la.”

Kò sọ pé òun yóò pè é. Mo tẹnu mọ́ ọn fún ìyá àgbà nígbà tí mo dé, kó má bàa gbé ọkàn lé e.

Ní ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú Àjíǹde, bàbá dé láti ìsìn wọn tààrà, nínú sùtánà funfun, láì wọ bàtà, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Ìyá àgbà náà kò tíì bọ́ aṣọ akọrin rẹ̀. Wọ́n jókòó kojú ara wọn nínú pálọ̀ bí àgbà ìjọ méjì.

“Màmá, mo wá wo ilé ni.”

“Ilé nìyí. Ẹ wò ó.”

“Ta ló fún yín ní orúkọ yẹn?”

“Kò sẹ́ni tó fún mi. Èmi ni mo yàn án.”

Èmi gan-an jókòó tààrà. Ìtàn ni mo kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì, ilé rẹ̀ ni mo ti ń jẹun láti kékeré, n kò sì béèrè ìbéèrè yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Mo ti gbà pé òyìnbó kan, tàbí fáda kan, ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára.

Ó ní bàbá òun kì í ṣe onígbàgbọ́, òun sì ni ọmọbìnrin tó kọ́kọ́ lọ sí ilé ìwé nínú ilé náà. Ó ní ohùn òun ti lágbára jù láti kékeré. Bí òun bá ti ń kọrin nílé tàbí lóko, wọ́n á ní ariwo òun pọ̀, kí òun pa ẹnu mọ́. Nígbà tí àwọn tí yóò ṣe ìrìbọmi ń kẹ́kọ̀ọ́, katikíìsì tó ń kọ́ wọn sọ ìtàn àwọn ènìyàn mímọ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní kí kálukú yan orúkọ tirẹ̀.

“Kò sọ ìtumọ̀ kankan fún wa,” ìyá àgbà ní. “Ìtàn ló sọ. Ó ní obìnrin kan wà, ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, gbogbo èèyàn ń lu ìlù, wọ́n ń fọn fèrè, òun ń kọrin sí Ọlọ́run nínú ọkàn rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè ní kó dákẹ́. Mo nawọ́. Mo ní, èyí ni kẹ́ ẹ fún mi.”

“Bàbá yín gbà?”

“Ó bínú. Ó ní, ‘Orúkọ tí mo fún ọ kò tó ni?’ Mo ní, ‘Ó tó, bàbá. Èyí ni èyí tí mo fún ara mi.’” Ó sọ ọ́ láì gbé ohùn sókè. “Kò tún ní kí n dákẹ́ mọ́. Láti Òwènà dé ọ̀nà Ọ̀fọ́sù, gbogbo ibi tí wọ́n gbé mi lọ kọ́ni, akọrin ni mo máa ń kọ́kọ́ kó jọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Sìsílíà ṣe nínú ilé yìí, ohun tó ṣe nìyẹn.”

Àwọn tó ń ṣèwádìí ní kò dájú pé ìtàn obìnrin mímọ́ yẹn rí bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, n kò sì sọ ọ́, torí pé kò sẹ́ni tó béèrè. Ohun tó wà níwájú mi kò nílò rẹ̀. Róòmù ni orúkọ náà ti wá. Yíyàn rẹ̀, Ìdànrè ni wọ́n ti ṣe é, ọmọbìnrin kan ló sì ṣe é níwájú bàbá rẹ̀. Gbogbo àríyànjiyàn mi ní yunifásítì kò ní àyè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Bàbá dìde. “Ó tó,” ó ní. Ó bẹ̀rẹ̀ kí orí rẹ̀ má kan àtẹ́rígbà, ó sì lọ.

Ìyá àgbà yíjú sí mi. “Kí ni ‘ó tó’ yẹn túmọ̀ sí?”

“N kò mọ̀, mà.”

“Ìwọ náà, ọ̀jọ̀gbọ́n.”

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, gbogbo wa wà lábẹ́ àgọ́ ní Aládé. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó sáàárín, ojú rẹ̀ wú díẹ̀ nítorí àìsùn. Bàbá gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sókè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Ó pe èyí tó jẹ́ ti ilé wọn. Ó sọ ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n lu agogo, ìjọ gbàdúrà. Ó pe èyí tí ọkọ ẹ̀gbọ́n mi mú wá. Ó pe ti ìyàwó rẹ̀, ó pe ti ìyá mi. Agogo ń dún, àdúrà ń tẹ̀lé e. Ìyá àgbà jókòó níwájú mi, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọn-ọn-ran. Kò yíjú sí ẹnikẹ́ni.

Bàbá gbé ọmọ náà sáyà. Mo rò pé ó ti parí.

“Sìsílíà,” ó ní.

Àwọn kan nínú ìjọ wo ara wọn. Àbúrò ọkọ ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè.

“Orúkọ ilé ni. Ilé ìyá rẹ̀ ní Òdòdé ló ti wá. Ìtumọ̀ rẹ̀ rèé: obìnrin kan yàn án fúnra rẹ̀, ó sì fi kọrin títí dòní. A ní kí ọmọ yìí ní ohùn. A ní kó mọ ohun tó máa yàn, kó sì ní ẹnu tó máa fi sọ ọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rí i pa lẹ́nu mọ́, nílé ọkọ, lẹ́nu iṣẹ́, níbikíbi tó bá—”

Bóyá ìyá àgbà sunkún nígbà yẹn, n kò lè sọ, nítorí pé ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi ní ó sunkún. Opó aládùúgbò wa ní kò sunkún rárá. Ohun tí èmi fi etí ara mi gbọ́ ni pé ìyá àgbà ṣe “Àmín”, ó sì ṣe é kí bàbá tó parí àdúrà.